Kásẹ́ẹ̀tì Kọ́ Ni Mo Bí

Ìgàndó,
Òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé.

Adéwálé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Fúnmi ìyàwó rẹ, mo sì kí gbogbo ilé yín ní Àpápá. Àlàáfíà ni èmi àti ìyá rẹ wà. Mojísọ́lá ọmọ rẹ náà wà ní àlàáfíà. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó ń ka àwọn búlọ́ọ̀kù tí mo sá sójú oòrùn, ó sì ń ṣì í kà. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ẹ̀bùn rẹ náà sì dé. Ibi tí ìkíni parí sí nìyẹn, nítorí inú ń bí mi, n kò sì fẹ́ kí o ka ìwé yìí dé àárín kí o tó mọ̀.

Mo ti bínú sí ọ rí. Mo bínú nígbà tí o sá nílé-ìwé lọ wo bọ́ọ̀lù ní Àgége, mo sì bínú nígbà tí o fi bàtà ìsinmi mi lọ pẹja lódò. Ṣùgbọ́n ẹgba díẹ̀ ló parí ìbínú wọ̀nyẹn. Èyí kò ṣe é fi ẹgba parí, torí o ti ga jù mí lọ, o sì ti ń wọ táì. Ìwé ni mo máa fi nà ọ́. Pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, kí o jókòó.

Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o má baà sọ pé Bàámi ń sọ̀rọ̀ láìnídìí. Nígbà tí wọ́n fi ọ́ ṣe ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹrù jáde nínú ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n sì fún ọ ní ilé ńlá tó ní yàrá tí ẹ kò rí ẹni sùn sí, o kọ̀wé pé ó tó àkókò kí Mojísọ́lá wá máa gbé lọ́dọ̀ yín. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ ló ti wà lọ́dọ̀ wa, nígbà tí ìwọ àti Fúnmi ń fún ara yín mọ́ yàrá kan ṣoṣo ní Mùṣin. Ó ti tó ọmọ ilé-ìwé báyìí. Ìyá rẹ sunkún díẹ̀, èmi náà wúkọ́ díẹ̀, a sì ní ó dáa, ọmọ olọ́mọ ni. A ní kó kọ́kọ́ wá lo ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú yín kí ojú rẹ̀ lè mọ ilé. Ìyá rẹ mú un wá. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà pé, ìwọ fúnra rẹ fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun rẹ gbé wọn padà dé Ìkòtún, o ní ọ̀nà tó kù yóò ba ọ̀dà ọkọ̀ jẹ́, ni ìyá rẹ bá gbé ẹrù lé orí, ó fa ọmọ lọ́wọ́, wọ́n wá wọkọ̀ ìyókù. Èmi kò ní bá ọ jà lórí ìyẹn lónìí. Ìyẹn ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, a kúnlẹ̀ fún àdúrà bí a ti máa ń ṣe. O mọ bó ṣe rí, kò yí padà: orin kan, Bíbélì díẹ̀, kí olúkúlùkù sọ ohun kan tó fẹ́ dúpẹ́ fún, kí n wá gbàdúrà. Láti ìgbà tí Mojísọ́lá ti ń sọ̀rọ̀ ló ti ń dúpẹ́ tirẹ̀. Ó lè dúpẹ́ nítorí adìẹ tó pamọ, ó lè dúpẹ́ nítorí mọ́ínmọ́ín. Lówùúrọ̀ yẹn, mo ti ń gbàdúrà lọ, ni mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún. Mo lajú. Ọmọ ti dìde, ó ti dé ẹ̀yìnkùlé.

Mo ní, "Mojí! Níbo lò ń lọ?"

Ó ní, "Mò ń lọ fọ ẹnu mi, Bàbá àgbà. Ẹ máa gbàdúrà yín lọ, mò ń gbọ́ yín."

"Ta ló kọ́ ẹ pé èèyàn ń fọ ẹnu tí àdúrà bá ń lọ lọ́wọ́?"

"Dádì náà máa ń fọ ẹnu. Nílé Dádì, rẹ́kọ́dà ló ń gbàdúrà."

Mo wo ìyá rẹ. Ìyá rẹ wo ilẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó jẹ́wọ́ ohun tó ti ń bò mọ́ra láti ìgbà tó ti dé. Ó ní o ra rẹ́kọ́dà ńlá kan tó ń gba ohùn èèyàn sílẹ̀. Ó ní o jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, o kọrin sí i, o ka Bíbélì sí i, o gbàdúrà sí i, o sì fi "Àmín" tó nípọn dé e lórí. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wàá tẹ nǹkan náà nínú pálọ̀, Fúnmi àti àlejò yòówù tó bá wà nílé á kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ìwọ alára á sì wà ní balùwẹ̀, wàá máa fá irùngbọ̀n. Ó ní ohùn rẹ tó wà nínú ẹ̀rọ á máa sọ pé, "Olúwa, a wólẹ̀ níwájú Rẹ," ohùn rẹ tó wà ní balùwẹ̀ á sì máa kígbe pé, "Fúnmi, ìbọ̀sẹ̀ mi dúdú dà?"

Adéwálé!

Ó tún ní lọ́jọ́ kan, wọ́n mú iná lọ láàárín àdúrà. Ohùn rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo bíi ti ẹni tó fẹ́ sùn lọ. Ó ní, "Olúwa, bùkún fún..." ó sì dákẹ́. Fúnmi dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó mú àpò rẹ̀, ó gba ọsibítù tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì lọ. Kò sí ẹni tó parí rẹ̀. Ta ni kí Olúwa bùkún fún? Títí di òní, Ọlọ́run ṣì ń retí orúkọ.

Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, o fi kékeré irú rẹ̀ rán ìyá rẹ sí mi, èyí tó ń lo òkúta bíi ti tọ́ọ̀ṣì. Kásẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀, lẹ́tà rẹ sì wà lórí rẹ̀ pé: "Bàámi, ẹ ti dàgbà, ẹ má da ara yín láàmú láràárọ̀ mọ́. Ẹ kàn tẹ bọ́tìnnì, màá bá yín gbàdúrà." Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o má baà ní mo kọ ẹ̀bùn rẹ. Bàbá Ràímì, bíríkìlà ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó gba yàrá lọ́wọ́ wa, ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ lẹ́bàá kànga. Ó gbọ́ ohùn, ó yọjú.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Adéwálé. Ṣé Adéwálé dé ni? Mò ń gbóhùn ẹ̀."

"Kò dé. Àpápá ló wà."

"Ta ló wá ń gbàdúrà ṣá?"

Mo fi ẹ̀rọ hàn án. Ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. Ó ní, "Háà! Àṣé wọ́n lè ká a sílẹ̀? Orúnkún mi ìbá ti sinmi tipẹ́ jàre! Màá kàn ká ìrun ọdún kan pọ̀, màá padà sórí bẹ́ẹ̀dì mi." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kù, ó lọ kírun. Sìmẹ́ńtì ń dúró dè é níbi iṣẹ́, òun náà ní ọ̀gá tó ń pariwo mọ́ ọn, síbẹ̀ ó lọ kírun. Èmi díákónì ni mo dúró ti rẹ́kọ́dà. Ojú tì mí, Adéwálé. Ojú tì mí níwájú ayálégbé mi.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ, torí o ti sọ ọ́ nínú lẹ́tà. O ní iṣẹ́ kò fún ọ láàyè. O ní kí ọ̀nà Àpápá tó dí lo gbọ́dọ̀ ti jáde. O ní o kò fẹ́ kí àdúrà ilé wa kú ni o ṣe gbà á sílẹ̀. Mo gbà pé kì í ṣe ìwà ìkà. Ọgbọ́n àgbọ́njù ni. Ohun tí o ní o kò fẹ́ kó kú, ìwọ lo gbé e sínú àpótí, o sì dé e. Nítorí náà fetí sílẹ̀, màá sọ ohun tó wà nínú mi bó ṣe ń bọ̀, kì í ṣe bí ìwàásù.

Èkínní, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣé kásẹ́ẹ̀tì lo fi ń kí ọ̀gá rẹ àgbà láàárọ̀? Ṣé o lè tẹ bọ́tìnnì níwájú rẹ̀ kí ẹ̀rọ máa sọ pé "ẹ káàárọ̀, sà," kí ìwọ sì máa fi ọṣẹ wẹ̀ lọ́wọ́? Iṣẹ́ yẹn á bọ́ lọ́wọ́ rẹ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Èèyàn ẹlẹ́ran ara lo ń bọ̀wọ̀ fún báyẹn, Ẹni tó dá ọ lo wá ń rán ẹ̀rọ sí.

Má sì sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn kan náà ni. Ọmọdé kì í kọ́ àdúrà nínú ọ̀rọ̀. Ṣé o rò pé n kò mọ̀ pé ìwọ náà máa ń la ìka rẹ láti yọ́ wò mí nígbà tí a bá ń gbàdúrà? Mo mọ̀. Mo ń rí ojú kékeré méjì yẹn láràárọ̀, mo sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ohun tí ojú yẹn rí ló kọ́ ọ: bàbá tó ga, tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀, tó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń bẹ̀bẹ̀. Kí ni Mojísọ́lá rí ní Àpápá? Ó rí bọ́tìnnì. Ìka tó tẹ̀ ẹ́ gan-an ti lọ.

Èkejì ni pé kékeré ni kí o ṣe é, ojoojúmọ́ sì ni kí o ṣe é. Èyí yé mi torí mo ti ṣe òmùgọ̀ rí. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ búlọ́ọ̀kù mímọ ní Àgége, oníwàásù kan wá pàgọ́ síbẹ̀. Ó wàásù, ara mi gbóná, mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé láti ọjọ́ náà lọ, ní àkùkọ ìdájí ni màá máa kúnlẹ̀ títí oòrùn á fi yọ, àti pé màá ka Bíbélì láti páálí dé páálí kí iṣu tuntun tó jáde. Ó wù mí, mo sì ń rìn láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù bí ẹni tí áńgẹ́lì ń tẹ̀ lé. Kò pẹ́ rárá. Oorun gbé mi lórí òkìtì iyanrìn, ọ̀gá mi bu omi tí a fi ń po sìmẹ́ńtì, ó dà á lé mi lórí.

Ó ní, "Jòṣúà, ṣé Ọlọ́run ló ní kó o wá máa hanrun lórí iyanrìn mi?"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú tì mí débi pé n kò gbàdúrà kankan mọ́, àti kékeré àti ńlá. Ìyá mi ló ṣàkíyèsí nígbà tí mo wálé. Kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Ta ló ní kó o gbé odó mì? Kí o tó bọ́ síta láàárọ̀, sọ fún Olúwa pé o ṣeun. Tó bá di ọ̀la, tún un sọ. Jẹ́ kí n gbọ́ ọ tán ná." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Bí ẹni tí wọ́n fipá mú ni mo ṣe ń sọ ọ́, oorun á sì wà lójú mi. Gbólóhùn yẹn bí èkejì, èkejì bí orin. Ó wá débi pé bí mo bá gbàgbé rẹ̀, ara mi kì í balẹ̀ lọ́jọ́ náà, á dà bíi pé mo jáde láìwọ ṣòkòtò.

Nítorí náà, n kò ní kí o gbàdúrà gígùn. Ta ló bi ọ́ ní gígùn? Àdúrà inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn gùn ju ti èmi lọ, mo gbọ́ ọ, o kí Olúwa pẹ̀lú oríkì tí n kò gbọ́ rí. Orin ẹsẹ̀ kan tó. Bíbélì tí ọmọ lè lóye tó. Kí Mojí dúpẹ́ tirẹ̀, kí Fúnmi dúpẹ́ tirẹ̀, kí o sọ gbólóhùn díẹ̀ tó ti inú rẹ wá, kí o máa lọ. Bí ọmọ kò bá tíì jí kí o tó jáde, ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Kí ẹ tó jẹun ńkọ́? Ṣùgbọ́n mú ọ̀kan, kí o má sì yẹ̀ ẹ́. Àyè tí o ní kò sí yìí, ìyá rẹ ti ròyìn ibi tó wà fún mi. Ó ní láràárọ̀ lo máa ń ka ìwé ìròyìn láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ibi tí wọ́n kọ àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé sí. O kò rí ẹ̀rọ tó máa bá ọ ka ìwé ìròyìn, àbí?

Ìkẹta ni èyí, àbí ìkẹrin? N kò mọ èwo la kà dé mọ́, inú tó ń bí mi kò jẹ́ kí n mọ ìṣirò. Jẹ́ kí n fi iṣẹ́ tó rán ọ nílé-ìwé bá ọ sọ ọ́. O mọ̀ pé búlọ́ọ̀kù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, bí oòrùn bá ti pa á díẹ̀, ó máa ń gbẹ lójú, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti le. Kò tíì le. Omi tí a ń wọ́n sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló ń mú inú rẹ̀ le. Ìwọ alára ti gbé garawa omi yẹn títí o fi ń sunkún. Bí o bá fo ọjọ́ kan, búlọ́ọ̀kù kò ní bú, kò ní sọ̀rọ̀, kò sí ohun tó máa hàn sí ọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé òrùlé lé e ló ń hàn.

Lásìkò tí owó délé yìí, tí gbogbo èèyàn láti Ìpájà dé Òkè-Odò ń sáré kọ́lé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi láti Ègbẹ́dá. Ìpìlẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó ń kánjú. Ó fẹ́ kó búlọ́ọ̀kù tí a mọ lánàá.

Mo ní, "Wọn ò tíì mu omi tó."

Ó ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Bàbá. Tí mo bá kọ́lé náà tán, màá kúkú rọ omi náà sí i lápapọ̀."

Mo ní, "Ọmọ mi, omi kì í ṣe àpapọ̀ fún búlọ́ọ̀kù."

Ó bú mi, ó ní àgbàlagbà kò mọ ayé tó lòde, ó lọ ra tirẹ̀ níbòmíràn. Bí ewúrẹ́ bá fi ara yún ògiri ilé náà lónìí, iyanrìn a máa dà sílẹ̀. Ilé tó lẹ́wà ni o, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà búlúù. Adéwálé, àdúrà tí o gbà lápapọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan kò lè mú ilé rẹ le. Ó ti gbẹ lójú, ìyẹn nìkan ló ṣe.

O sì mọ bí ara ṣe ń kọ́ nǹkan, torí o wakọ̀. Nígbà tí wọ́n ní ká kúrò lápá òsì, ká máa wakọ̀ lápá ọ̀tún, ṣé o rántí bí ọwọ́ rẹ ṣe ń fa ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ lọ sí òsì fúnra rẹ̀, tí o ní ẹ̀rù ń bà ọ́? Kí lo ṣe? Ojoojúmọ́ lo wà á, lápá ọ̀tún, títí ọwọ́ rẹ fi gbàgbé òsì. Kò sẹ́ni tó gba bí a ti ń wakọ̀ sílẹ̀ fún ọ kí o máa gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ìwà ìgbàgbọ́ náà kò ní ọ̀nà mìíràn. Ọwọ́, ẹnu, orúnkún, ìwọ ni kí o kó wọn síbẹ̀, kí o tún kó wọn síbẹ̀ lọ́la.

Èyí tó tún ń dùn mí nìyí: kì í ṣe orí eékún nìkan ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Ìyá rẹ ní nígbà tí o fẹ̀sùn kan Fúnmi pé ó sọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nù, tí kọ́kọ́rọ́ wá jáde nínú àpò ṣòkòtò rẹ, o wọkọ̀, o lọ, o kò sọ pé "má bínú." Lóòótọ́ ni? Nínú ilé yìí, tí mo bá ṣẹ ìyá rẹ, n kì í lè kúnlẹ̀ lówùúrọ̀ láìkọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́, torí ibi tí mo bá kúnlẹ̀ sí, òun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń mí kíkankíkan sí mi létí. Àdúrà ti fipá kọ́ mi ní ẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ bá ń bá gbàdúrà, ta ló máa mí sí i létí? Níbi iṣẹ́ rẹ náà, àwọn èèyàn á wá tí wọ́n á fẹ́ kí o gbójú kúrò lára ẹrù kan. Ẹni tó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láàárọ̀ fúnra rẹ̀, ojú máa ń tì í láti purọ́ lọ́sàn-án. Bí kò bá tilẹ̀ tì í tán, á tì í díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ni mò ń wá fún ọ.

N kò kórìíra ẹ̀rọ o. Rẹ́kọ́dà kò ṣẹ̀ mí. Fi gbọ́ orin, fi gba ohùn ìyá rẹ sílẹ̀ nígbà tó bá ń pa àlọ́, ọjọ́ kan á dé tí wàá fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun tí Ọlọ́run àti ọmọ rẹ ń retí lẹ́nu rẹ, má gbé e fún ẹ̀rọ ṣe. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lónìí ẹ̀rọ ń bá ọ gbàdúrà, lọ́la ẹlòmíràn á máa bá ọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́túnla wàá ní kí wọ́n bá ọ kí ìyá rẹ.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Mo ti mọ búlọ́ọ̀kù fún ilé àwọn èèyàn láti ibí títí dé Baruwa, mo sì ti rí i tó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni Mojísọ́lá lò ní Àpápá, ohun tí a fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ti jò tán. Kí ló máa ṣẹ́kù bó bá lo ọdún kan? Lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tí mo ti pe ọmọ náà wọlé, n kò lè parí àdúrà mi. Ìyá rẹ ló parí rẹ̀. Mo sọ fún ọ kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe ìbínú nìkan ló wà nídìí ìwé yìí. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí ọmọ náà. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí ìwọ náà.

Nítorí náà, ìdáhùn sí lẹ́tà rẹ nìyí: Mojísọ́lá kò tíì ní wá. Má ránṣẹ́ sí i, má ní kí dírẹ́bà wá gbé e. N kò fi ọmọ rẹ dù ọ́. Inú mi ni yóò dùn jù bó bá sùn lábẹ́ òrùlé bàbá tó bí i. Ṣùgbọ́n ìwọ àti Fúnmi, ẹ wá fúnra yín lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ sùn sí yàrá yín àtijọ́, ìyá rẹ ti gbá a. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, èmi kò ní ya ẹnu mi. Ìwọ ni wàá dá orin, bí o bá ṣì í, ìyá rẹ á gbè é. Ìwọ ni wàá ka Bíbélì. Ìwọ ni wàá gbàdúrà. Bí ọ̀rọ̀ kò bá wá sí ọ lẹ́nu, dúró kó wá, a kò ní dìde. N kò fẹ́ èdè tó dùn. Bí o tilẹ̀ sọ pé "Olúwa, ṣàánú wa," tí o sì dákẹ́, mo gbà á, torí ọmọ rẹ á ti rí ọ lórí eékún. Lẹ́yìn ìsìn, kí o gbé e lọ pẹ̀lú ayọ̀, ìyá rẹ ti di ẹrù rẹ̀. Bí o kò bá sì lè ṣe é, jẹun ọ̀sán, kí o máa lọ. Ọmọ á dúró níbi tí èèyàn ti ń bá a gbàdúrà.

Kí n tó di ìwé yìí, Mojísọ́lá béèrè ẹni tí mò ń kọ ọ́ sí. Mo ní Dádì rẹ̀ ni. Ó ní kí n bá òun bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan, mo sì kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́: "Dádì, ṣé ẹ̀yin náà mọ àdúrà gbà, àbí rẹ́kọ́dà nìkan ló mọ̀ ọ́n?"

Mo ní kó ní sùúrù, pé o ń bọ̀ wá dá a lóhùn fúnra rẹ.

Èmi tí mo bí ọ, tí mo sì dárúkọ rẹ níwájú Ọlọ́run láàárọ̀ yìí pẹ̀lú gbogbo ìbínú mi,

Bàbá rẹ,
Jòṣúà Adégòkè.